Àkíyèsí Díẹ̀ lórí Àrùn Ìgbàgbé tó ń Ṣe Kọ̀ǹpútà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé kọ̀ǹpútà kì í gbàgbé. A ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò fínnífínní, irọ́ ni. Ìgbàgbé rẹ̀ le ju ti gbogbo ẹ̀dá abẹ̀mí tí a ti gbúròó wọn lọ. Ohun tó ń bo àṣírí rẹ̀ ni pé ó ní olùtọ́jú.

Inú RAM ni àrùn náà ti le jù, níbi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí. Robert Dennard ti ilé-iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà ló ronú kan irú èyí tó gbòde lónìí, ní 1966; ní 1968 ni ìjọba fún un ní ìwé-àṣẹ lórí rẹ̀. Ẹ fi wé ìkòkò kéékèèké tó pọ̀ jọ: capacitor kan ni ìkòkò kọ̀ọ̀kan, transistor kan ni ọmọrí rẹ̀. Bí iná bá wà nínú ìkòkò, 1 ni. Bí kò bá sí, 0 ni. Fóònù tí RAM rẹ̀ jẹ́ 8 gigabyte ní irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ tó lé ní bílíọ̀nù 64.

Gbogbo wọn ló ń jò. A kò bú wọn o. Bí wọ́n ṣe dá wọn nìyẹn. Ẹ pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà 1,000: kí 64 nínú rẹ̀ tó kọjá, dandan ni kí ẹ̀rọ ti ka ìkòkò kọ̀ọ̀kan, kí ó sì ti tún un bù kún. Ìyẹn ni pé nǹkan bí ìgbà 15 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni wọ́n ń rán aláìsàn yìí létí gbogbo ohun tó mọ̀ láyé. Àbùkù mìíràn tún wà níbẹ̀: kíkà gan-an ló ń gbọ́n ìkòkò náà gbẹ. Ẹ bi í léèrè ọ̀rọ̀, ìdáhùn ni yóò mú un gbàgbé, àfi kí wọ́n tún ìdáhùn náà sọ fún un padà. Àwọn olùkọ́ ti rí irú akẹ́kọ̀ọ́ yìí rí, ṣùgbọ́n wọn ò rí i tà lọ́jà.

Bí wọ́n bá mú iná lọ, ìtọ́jú dópin, aláìsàn kò sì ní rántí pé òun ṣe iṣẹ́ kankan.

Ìdí nìyí tí kọ̀ǹpútà fi nílò ibi ìpamọ́. Hard disk RAMAC tí IBM gbé jáde ní 1956 ní àwo 50, ó wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan, lẹ́tà àti nọ́ńbà mílíọ̀nù 5 péré ló sì ń gbà. Òòfà ló ń di ọ̀rọ̀ mú lára hard disk. Iná ìbáà wà, iná ìbáà má sí, kò kàn án. Àrùn tirẹ̀ ni pé kò mọ bí a ṣe ń gbàgbé. Bí ẹ bá ní kí ẹ̀rọ pa fáìlì kan rẹ́, orúkọ rẹ̀ ló máa ń yọ kúrò nínú ìwé orúkọ. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣì wà ní ìjókòó, títí ohun mìíràn yóò fi gba àyè rẹ̀.

Ìtọ́jú tí a rí fún àrùn àkọ́kọ́ kò ju kí ẹ tẹ save kí wọ́n tó mú iná. Ní ti èkejì, kí ẹ tó ta hard disk àtijọ́, ẹ kọ nǹkan mìíràn lé gbogbo orí rẹ̀.