Ẹṣin Aláàfin Nínú Fíìmù Ìṣẹ́jú Méje

Àwa ọ̀dọ́ tí a ń fi fóònù ya fíìmù ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ní ẹjọ́ kan tí a máa ń rò fún ẹni tó bá bi wá léèrè ìdí tí a kò fi gba ipò kankan nínú ìdíje fíìmù ọlọ́jọ́ méjì: àkókò kò tó. Mo fẹ́ jẹ́wọ́ lórúkọ gbogbo wa pé irọ́ ni. Ìdíje 48 Hour Film Project, tó bẹ̀rẹ̀ ní Washington lọ́dún 2001, ló sọ irú eré ìje yìí di gbajúmọ̀ káàkiri ayé, òfin rẹ̀ kò sì lọ́jú pọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n á sọ irú fíìmù tí ẹgbẹ́ kan yóò ṣe, wọ́n á fún wọn ní ẹ̀dá ìtàn kan, nǹkan kan tó gbọ́dọ̀ hàn, àti gbólóhùn kan tí ẹnìkan gbọ́dọ̀ sọ. Tó bá fi máa di alẹ́ ọjọ́ Àìkú, fíìmù ìṣẹ́jú mẹ́rin sí méje gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀. Ìṣẹ́jú méje! Ẹni tó ń kí àgbà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ lè máà tíì béèrè àwọn ọmọ láàárín ìṣẹ́jú méje. Inú rẹ̀ náà ni àwa ti máa ń fẹ́ kó Aláàfin, ayaba mẹ́ta, Baṣọ̀run ọ̀dàlẹ̀, ogun Fúlàní àti ẹṣin sí.

Ìtàn tó tóbi ju ọjọ́ méjì lọ ni àrùn wa. Gbogbo àṣìṣe yòókù, ọmọ rẹ̀ ni. Ìtàn ní Aláàfin, nítorí náà a nílò aṣọ òkè. Àǹtí ẹnìkan ní aṣọ òkè, ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń gbé, ìrìn tó lé ní kìlómítà 50 láàárín tírélà tó ń lọ Ìlọrin. Kí aṣọ tó dé, oòrùn Sátidé ti ń wọ̀, àwọn ayaba ṣì ń ya fọ́tò ara wọn. Baṣọ̀run wọ agbádá, ó gbàgbé aago sọ́wọ́. Ẹṣin gbọ́ dùùrù láti ṣọ́ọ̀ṣì ìtòsí, ó ní òun kò ṣe mọ́. Olùdarí mẹ́rin ń pàṣẹ lẹ́ẹ̀kan náà (mo sábà máa ń wà lára wọn), kò sì sí ẹni tó di makirofóònù mú, nítorí ta ló fẹ́ kí orúkọ òun gbẹ̀yìn? Nígbà tí a bá wá jókòó láti wo ohun tí a yà, Aláàfin á lanu, ohùn jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò á jáde.

Àwọn kan á ní ohun èlò ni kò sí. Ikorodu Bois, àwọn ọmọdé Ìkòròdú tó ń fi kẹ̀kẹ́ akẹ́rù àti nǹkan inú ilé sín àwọn fíìmù ńlá jẹ, ti fèsì sí ìyẹn: lọ́dún 2020, Netflix fúnra rẹ̀ kó irinṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn. Bí ẹ bá sì ní ìtàn ńlá ni àwọn náà ń sín jẹ, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìpolówó ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n ń mú, kì í ṣe odidi fíìmù. Àtakò tó le jù ni pé ìlú ọba ni Ọ̀yọ́, ìtàn kékeré kò yẹ ẹ́. Kúnlé Afọláyan ṣe ti ọba nínú Aníkúlápó lọ́dún 2022, àmọ́ Ìgbójàyè ló lọ tẹ̀dó sí kó tó yà á, fíìmù náà sì lé ní wákàtí méjì. Ohun tó wà nínú ìtàn Ọ̀yọ́ gan-an tiẹ̀ ta ko àwa. Lọ́dún 1826, wọ́n ṣeré fún Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò, ní Ọ̀yọ́ Ilé. Wọn kò ṣe ogun fún un. Àwọn tó wọ àpò jó, erè kan tí ènìyàn wà nínú rẹ̀ fà kiri, lẹ́yìn náà ni ẹnìkan tó funfun báláú jáde, tó ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú, tó ń fín aáṣà, tó ń tẹlẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán rìn rí. Àlejò náà gan-an ni wọ́n ń sín jẹ! Ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé òṣèré náà mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹni kan, ìrìn kan, ìwà kan tí wọ́n ti wò dáadáa: ìyẹn tó fún ìlú ọba.

Bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń fín igbá ṣì wà ní Ọ̀yọ́. Abẹ ń họ èèpo igbá wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹyẹ kan ń yọjú lábẹ́ rẹ̀, etí sì ń gbọ́ ọ. Nínú fíìmù wa, kí oníbàárà kan wọlé, kó ní kí wọ́n bá òun pa orúkọ ìyàwó àárọ̀ rẹ́ kúrò lára igbá, kí wọ́n fi ti tuntun síbẹ̀. Òṣèré méjì, yàrá kan, kò sí ẹṣin. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ díje, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò di makirofóònù mú, kí ẹ sì parí gígé fíìmù kí oòrùn ọjọ́ Àìkú tó kàntàrí, torí a kì í mọ ìgbà tí iná yóò lọ.