Irọ́ Ni, Kò Yé E!

Àná ló ṣẹlẹ̀, ojú ṣì ń tì mí. Mo wọ dáńfó Ẹgbẹ́dá ní Ìkẹjà, mo ki íyápíìsì bọ etí. Pọ́díkáàsì ni mo fi ń pa súnkẹẹrẹ jẹ: kí onímọ̀ méjì jókòó, kí wọ́n máa fa ọ̀rọ̀ tu. Èyí tí Lex Fridman ṣe lórí iléeṣẹ́ Neuralink ní 2024 ju wákàtí 8 lọ. Ta ló ń gbé Akówọnjọ tí wákàtí 8 ń bà lẹ́rù?

Àlàyé onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò John Searle, ti ọdún 1980, ni wọ́n ń jà lé lórí lánàá. Ọkùnrin kan wà nínú yàrá, kò gbọ́ èdè Ṣáínà. Wọ́n ń ti ìwé Ṣáínà sí i lábẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń wo ìwé ìlànà kó tó fèsì. Ará ìta á ní ó gbédè. Searle ní kò yé e, bí kọ̀ǹpútà ṣe rí nìyẹn. Àlejò orí ètò náà ní yàrá lódindi ló gbédè. Inú bí mi.

Íyápíìsì mi tó ń pa ariwo yìí gan-an ló kó bá mi. Inú bàálù ni onímọ̀ ẹ̀rọ Amar Bose wà ní 1978 tí ọgbọ́n irú íyápíìsì bẹ́ẹ̀ sọ sí i lọ́kàn. Máíkì kékeré á gbọ́ ariwo ìta, á sì gbé ìró òdìkejì rẹ̀ jáde: níbi tí tọ̀hún bá ti gòkè, tirẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀, méjèèjì á pa ara wọn. Ẹ́ńjìnnì tó ń kùn lójú kan ló mọ̀ ọ́n pa jù. Ohùn èèyàn a máa yọ́ wọlé, àmọ́ mo ti yí pọ́díkáàsì dé góńgó. Bí mo ṣe ń pariwo tó gan-an, n ò gbọ́.

Ṣé mo mọ̀ pé ajíhìnrere ti dìde láti Dópẹ̀mú? Mo ké tòò: “Irọ́ ni! Kò yé e rárá! Ohun tó wà nínú ìwé ló kàn ń kà!”

Gbogbo ọkọ̀ yíjú. Mo yọ íyápíìsì kan. Ìka ajíhìnrere ṣì wà lórí ẹsẹ Bíbélì.

“Bọ̀dá, kí ni kò yé mi?”

“Kì í ṣe ẹ̀yin, sà. Ọkùnrin inú yàrá ni.”

“Yàrá wo?” Màmá tó gbé tàtàsé lẹ́sẹ̀ ló bèèrè.

“Èyí tí wọ́n ń ti ìwé Ṣáínà sí lábẹ́ ilẹ̀kùn, mà.”

Màmá rọra fa àpò tàtàsé kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. “Ẹ gbàdúrà fún ọmọ yìí. Ó ń gbóhùn.”

Ajíhìnrere gbọ́wọ́ lé mi lórí: “Ìwọ ẹ̀mí tó ń bá a sọ̀rọ̀ létí, dákẹ́!” Àlejò pọ́díkáàsì kò dákẹ́ létí òsì mi. Kọ́ńdọ́ tó di ṣénjì mi mú láti Ìkẹjà, tó ń ya adití bí mo bá pè é, òun ló ṣe “Àmín” jù. Ẹ gbọ́ ná, owó mọ́tò ni mo san, n ò sanwó ìwàásù! Ó ti rẹ èèyàn, wọ́n á tún máa lọgun lé e lórí.

Ta ló fẹ́ ké “Ó wà o!” pẹ̀lú ọwọ́ lórí? Akówọnjọ kọjá lọ. Ẹgbẹ́dá ni mo bọ́ sí, láìgba ṣénjì. Ajíhìnrere bọ́ọ́lẹ̀ tẹ̀ lé mi, ó ní kí n fún òun ní nọ́ńbà mi, kí òun máa pè mí lálaalẹ́ títí ohùn náà á fi lọ.