Ọ̀gá Dáírẹ́tọ̀

Ojú ọ̀nà tó ti Òṣogbo gba Ìkìrun lọ sí Òkukù ni ẹ ó ti pàdé rẹ̀ ní àárọ̀ Sátidé. Ó ti yí fìlà rẹ̀ sẹ́yìn, ó fi gíláàsì dúdú bojú nígbà tí oòrùn ò tíì yọ dáadáa, ó sì fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là méjèèjì ṣe bíi fèrèsé, ó ń yọjú wo màlúù tó ń kọjá. Fóònù tí wọ́n fẹ́ fi ya fíìmù ńkọ́? Ọmọbìnrin kan ló ni ín, òun náà ló mú un dání. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n máa gbé e lé ńkọ́? Ó wà léjìká ọmọkùnrin kan. Dáírẹ́tọ̀ ò gbé nǹkan kan. Ó ní ìran lòun ń rí.

Ọmọ ọdún kẹta ni nílé ẹ̀kọ́ gíga. Èyí tó ń lọ níbẹ̀ kò kàn wá, irú rẹ̀ ò wọ́n níbì kankan. Olùkọ́ ní kí wọ́n kó ara wọn jọ ní méje-méje, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ya fíìmù oníṣẹ́jú méjìlá, kí kálukú sì kọ̀wé lórí bí wọ́n ṣe fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Àwọn mẹ́fà yòókù ní kí àwọn ya ti ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà ní Ìnísà: ilé kan, èèyàn mẹ́ta, ó parí. Dáírẹ́tọ̀ yínmú. Ogun Jálumi lòun máa yà.

Ẹ gbọ́ ohun tó fẹ́ kó sínú ìṣẹ́jú méjìlá o. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1878, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn, tí Balógun Àjàyí Ògbóríẹfọ̀n darí, kojú Ìlọrin, Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti Ìlá ní Ìkìrun. Ìlọrin fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, odò Ọ̀tìn sì wà níwájú wọn. Ọ̀pọ̀ ló bómi lọ. Èyí ni èèyàn méje fẹ́ fi fóònù kan yà, pẹ̀lú ọ̀kadà méjì tó dúró fún ẹṣin. Nígbà tí ẹnìkan béèrè bóyá ọ̀kadà ti wà láyé ìgbà yẹn, Dáírẹ́tọ̀ ní, "Ẹ má wo ọ̀kadà, ìmọ̀lára ni kẹ́ ẹ wò."

Kì í ṣe ọ̀lẹ ṣá. Òun ló pe gbogbo wọn jí ní aago márùn-ún, òun ló lọ dọ̀bálẹ̀ fún baálé tó yá wọn ní àgbàlá. Ká ní kì í ṣe òun ni, orí bẹ́ẹ̀dì ni àwọn yòókù ì bá wà di ọ̀sán.

Ohùn ló ba iṣẹ́ jẹ́. Maikirofóònù inú fóònù ò mọ ẹni tó ń ṣeré yàtọ̀ sí ẹni tó ń lọ ata. Gbogbo ohun tó bá ń dún nítòsí ló ń gbọ́. Bí Balógun ṣe ń pàṣẹ ogun ni jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń ráhùn, tí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ Ọ̀fà sì ń fọn fèrè. Ọmọbìnrin tó ni fóònù ní kí àwọn dúró kí ariwo rọlẹ̀. Dáírẹ́tọ̀ ní àwọn á yọ ọ́ kúrò nígbà tí àwọn bá ń to fíìmù. Ta ló máa tò ó? Ọmọbìnrin náà ni.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé kò nílò kó lọ jìnnà rárá kó tó rí àwòkọ́ṣe. Ẹgbẹ́ eléré Oyin Adéjọbí ayé ìjọ́un, tó fi Òṣogbo ṣe ibùdó, kì í kọ eré sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀. Wọ́n á jọ mọ ibi tí ìtàn ń lọ, òṣèré kọ̀ọ̀kan á sì fẹnu ara rẹ̀ wá ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Karin Barber, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ti gbé Òkukù láàárín ọdún 1974 sí 1977 nítorí ìwádìí oríkì, bá wọn ṣeré, ó sì gbé ìwé The Generation of Plays jáde nípa wọn ní ọdún 2000. Òótọ́ ni pé orúkọ Adéjọbí nìkan ni ẹgbẹ́ ń jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó wo eré wọn, Kóòtù Aṣípa, lórí tẹlifíṣọ̀n mọ̀ pé ọ̀gá fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń ṣeré. Túndé Kèlání tí Dáírẹ́tọ̀ fi àwòrán rẹ̀ sójú fóònù náà, ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ya àwòrán fún ẹlòmíì kó tó darí fíìmù Ti Olúwa Nilẹ̀ ní ọdún 1993.

Ìwé tí Dáírẹ́tọ̀ kọ fún olùkọ́ dùn ún kà. Wọn ò gbóhùn dáadáa: "a" ò ṣọ́ra tó. Bátìrì kú lójijì: "a" gbàgbé láti ṣáájì rẹ̀. Àmọ́ àwòrán kan wà, odò Ọ̀tìn nírọ̀lẹ́, tí gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún. Ìyẹn, "mo" rí ìmọ́lẹ̀ náà, "mo" sì ní kí wọ́n yà á. Ọmọbìnrin yẹn ló rí i. Lásìkò yẹn Dáírẹ́tọ̀ wà ní Ìnísà lọ́dọ̀ oníẹ̀wà, ó ń jẹun láwìn.

Nígbà tí fíìmù parí, orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ẹni tó kọ ìtàn: Dáírẹ́tọ̀. Ẹni tó darí rẹ̀: Dáírẹ́tọ̀. Ẹni tó náwó sí i: Dáírẹ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ gbogbo wọn ló dá owó jọ. Àwọn mẹ́fà wà lábẹ́ "A dúpẹ́ lọ́wọ́," àwọn àti baálé, àti Ọlọ́run Olódùmarè. Wọ́n ṣi orúkọ ọmọbìnrin náà kọ.

Lóru ọjọ́ náà ni Dáírẹ́tọ̀ kọ̀wé sórí WhatsApp ẹgbẹ́ pé Jálumi Apá Kejì ti ń bọ̀, pé kí kálukú mú ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà wá, àti pé ṣé ẹnikẹ́ni mọ ẹni tó ní ẹṣin ní Ìkìrun. Ọmọbìnrin náà nìkan ló fèsì: "Ọ̀gá, mẹ́mọ́rì káàdì mi dà?"