Ìjàpá àti Àká Ilé

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóó. Kò dá lórí ìjọba, kò dá lórí báńkì kankan. Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo, ló dá lé.

Láyé ìgbà kan, ihò Ìkookò ni gbogbo ẹranko igbó ń háyà. Owó ọdún méjì ni Ìkookò ń gbà ṣíwájú. Ó ń gba ti àgírímẹ́ǹtì, ó ń gba ti ajẹ́ńtì, ọmọ rẹ̀ sì ni ajẹ́ńtì náà. Bí òjò bá rọ̀, omi a wọlé. Bí ẹranko bá ráhùn, Ìkookò a ní, "Ṣé o fẹ́ kó jáde ni?" Kíá, ẹranko a pa ẹnu mọ́.

Iṣu ń wu Ìjàpá jẹ, kò sì fẹ́ ro oko. Ó mú ọ̀nà ààfin pọ̀n, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Kìnnìún. "Kábíyèsí, inú omi làwọn ọmọ yín ń sùn. Ẹ jẹ́ ká kọ́ àká. Nínú ogójì iṣu tí ẹranko bá wa, kó mú ẹyọ kan wá. Ẹni tó bá dá a pẹ́, a ó yá a níṣu, á fi kọ́lé, á sì máa san án díẹ̀díẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún. Èlé rẹ̀ ò ju mẹ́fà lórí ọgọ́rùn-ún lọ."

Kìnnìún bú ramúramù, ó tẹ òǹtẹ̀. Ọdún 1992 ni, bí ẹranko bá ń ka ọdún bíi tiwa.

Ìjàpá gbé agogo, ó ń kọrin kiri:

Lílé: Ẹ mú kan nínú ogójì,
Ègbè: Ilé ń bọ̀.
Lílé: Òjò kò ní pa yín mọ́,
Ègbè: Ilé ń bọ̀.
Lílé: Ìkookò kò ní lé yín,
Ègbè: Ilé ń bọ̀.
Lílé: Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀ lọ́nà,
Ègbè: Ilé ń bọ̀.

Wọ́n jó, wọ́n yọ̀. Wọn ò mọ̀ pé kò ní kù sọ́wọ́ wọn láti mú un wá. Ẹnu ọ̀nà oko ni Ìjàpá fi ọmọ rẹ̀ sí. Kí iṣu tó délé, wọ́n ti yọ ọ̀kan. Ìgbín wọ́ dé, ó ní, "Bàbá Ìjàpá, èmi ti ní ilé. Òun ló wà lẹ́yìn mi yìí." Ìjàpá na ọrùn, ó yí ìkarahun náà po, ó wò ó lókè nílẹ̀. Nígbà yẹn, ẹ̀yìn tirẹ̀ ṣófo ni o. Ó ní, "Ilé yìí mà dára o. Mú iṣu kan wá."

Ẹtu ló gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ jù. Ó ń ro oko, ó ń dá iṣu. Ìkookò lé e níhò kan, ó kó. Ó lé e níhò kejì, ó kó. Ogún ọdún kọjá. Ẹtu wé gèlè, ó dorí kọ àká.

Ìjàpá wà lẹ́yìn tábìlì, ó wọ awò ojú. "Ìyá Ẹtu, ẹ káàbọ̀. Ìwé ilẹ̀ yín dà?"

Ẹtu lọ ra ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ Ìkookò. Wọ́n gba iṣu ilẹ̀. Ó gbẹ́ ìpìlẹ̀, wọ́n kó kùmọ̀ dé, wọ́n gba iṣu ìpìlẹ̀. Ọmọ Ìkookò mìíràn tún yọ látinú igbó, wọ́n ní àwọn gan-an lọmọ onílẹ̀, wọ́n gba tiwọn. Ẹtu gbé ìwé lọ bá Ìjàpá. Ìjàpá rẹ́rìn-ín. "Ìwé ọmọ onílẹ̀ kẹ̀? Láti 1978 ni gbogbo ilẹ̀ igbó yìí ti bọ́ sọ́wọ́ Kìnnìún. Ẹ lọ gba òǹtẹ̀ rẹ̀ wá."

Láàfin, wọ́n ní kó mú ìwé awọnlẹ̀ wá. Ó mú un wá. Wọ́n ní kó san owó òǹtẹ̀. Ó san án. Nígbàkigbà tó bá wá béèrè, Ọ̀bọ akọ̀wé a ní, "Ó wà lórí tábìlì Kábíyèsí, ìyá." Irọ́ ni. Abẹ́ tábìlì ló wà. Ẹsẹ̀ tábìlì kan kúrú, fáìlì Ẹtu ni wọ́n ká sábẹ́ rẹ̀ kó má baà mì.

Òǹtẹ̀ jàjà bọ́ sí i. Ẹtu sáré dé àká. Ìjàpá ṣírò, ó ní, "Iye iṣu tí òfin ní ká yá yín á ra ilẹ̀kùn."

"Ilẹ̀kùn nìkan?"

"Ilẹ̀kùn gidi ni o. Ṣùgbọ́n ẹ ti dàgbà, ìyá. Ọgbọ̀n ọdún lẹ ó fi san án. Ẹ ò rí i pé kò sí ọgbọ̀n ọdún lọ́wọ́ yín mọ́? Ẹ gba iṣu yín, pẹ̀lú èlé méjì lórí ọgọ́rùn-ún."

Ló bá kó iṣu Ẹtu síta. Iṣu ogún ọdún! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ mi, ta ló rí iṣu ogún ọdún rí? Ẹtu fọwọ́ kàn án, ó di ìyẹ̀fun. Ó kà á, ó pé. Ó ka èlé, èlé pé. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ kò tó iyán àwo kan.

Ẹtu bú sẹ́kún. Òkété gbọ́. Òkété kì í kan ilẹ̀kùn. Ó gbẹ́ ilẹ̀, ó yọ láàárín àká. Òfìfo! Ìlà iṣu kan péré ló wà lẹ́nu ọ̀nà, fún ojú ayé. Ó tọ ipa ẹsẹ̀ gba ẹ̀yìnkùlé, ó bá ara rẹ̀ lórí òkè kan tí wọ́n mọ ògiri yí ká. Ilé méjìlá, funfun báláú, kò sí ẹnì kan tó ń gbé ibẹ̀. Orúkọ Yánníbo wà lára wọn, ti àbúrò Yánníbo wà níbẹ̀, ti ọmọ tí Yánníbo kò tíì bí náà wà níbẹ̀.

Ariwo ta. Gbogbo igbó tú jáde:

Lílé: Ìjàpá, iṣu mi dà?
Ègbè: Ilé dà?
Lílé: Mo dá a títí mo hewú,
Ègbè: Ilé dà?
Lílé: Òjò sì ń pa mí síbẹ̀,
Ègbè: Ilé dà?

Kìnnìún bínú. Ẹ má rò pé nítorí Ẹtu ni o. Ilé méjìlá, Ìjàpá kò fi ẹyọ kan ta Kábíyèsí lọ́rẹ! Ó ní, "Ilé ló wù ọ́, ilé ni wàá rù." Wọ́n wó èyí tó kéré jù nínú ilé náà, wọ́n po amọ̀, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ Ìjàpá lẹ́yìn. Ó fẹ́ dìde, ikùn rẹ̀ gbá ilẹ̀. Ó béèrè ìgbà tí òun máa sọ̀.

Kìnnìún ní, "Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún. Díẹ̀díẹ̀ ni."

Ilé mọ́kànlá tó kù, ààfin gbà wọ́n, kí ìtọ́jú wọn lè péye. Wọ́n wá fi Ọ̀yà jẹ olórí àká tuntun. Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀yà. Ẹtu lọ bá a, ó ní iṣu òun ńkọ́. Ọ̀yà nu ẹnu, ó ní ikán ti jẹ ìwé àtijọ́, kí ìyá gba fọ́ọ̀mù tuntun, kí wọ́n sì mú kan wá nínú ogójì.