Bàbá Kò-Sóhun-Tó-Ṣe-É

Tí ẹ bá dé ibi ìnáwó kan ní Ọ̀rẹ̀, tí gbogbo mọ́tò wà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú àfi ẹyọ kan tí wọ́n gbé sí ibi tí ilẹ̀ ti da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí imú rẹ̀ kọ sí ìsàlẹ̀, tí òkúta ńlá méjì sì wà níwájú táyà rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ béèrè ẹni tó ni ín. Bàbá Kò-Sóhun-Tó-Ṣe-É ti dé nìyẹn. Nígbà tó bá fẹ́ máa lọ, kò ní wá ẹni tí yóò bá a tì í. Yóò ní kí ọmọdé kan yọ òkúta, yóò jókòó sídìí ọkọ̀, ilẹ̀ yóò sì ṣe ìyókù. Láti Òdìgbò títí dé Àjùé, kò sí ibi tó da gẹ̀rẹ́ tí kò mọ̀. Ó ti fi ṣọ́ọ̀ṣì kan sílẹ̀ rí lọ sí òmíràn. Ó ní ìwàásù pásítọ̀ ibẹ̀ kò jinlẹ̀ tó, ṣùgbọ́n àwa tí a mọ àdúgbò náà mọ̀ pé ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ọ̀hún ló tẹ́jú jù.

Ẹ má rò pé tálákà ni o. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó ní oko kòkó lọ́nà Arárọ̀mí-Obù, bọ́hòòlù wà nílé rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń fi owó ránṣẹ́ láti Èkó. Mọ́tò nìkan ló ń jẹ́ kí àlejò máa ṣàánú rẹ̀. Tókunbọ̀ ni nígbà tó rà á, ìyẹn ni pé òyìnbó kan ti lò ó títí ó fi sú u, kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Àpápá. Láti ìgbà náà wọ́n ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, wọ́n ti pààrọ̀ gíà, wọ́n sì ti pààrọ̀ rédíétọ̀ débi pé mẹkáníìkì pàápàá kò kà á mọ́. Wọ́n ti kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, síbẹ̀ àwọ̀ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kò bá ti iwájú mu. Nínú gbogbo ohun tó bá a sọ̀kalẹ̀ ní Àpápá, ọ́ọ̀nù nìkan ló kù, òun náà kì í sì í dún àfi tí wọ́n bá ń yà sí ọwọ́ òsì.

Ẹ wá bi í pé báwo ni mọ́tò. "Kò sóhun tó ṣe é." Mo ti gbọ́ ọ tó sọ gbólóhùn yìí láti abẹ́ mọ́tò náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan ló yọ síta.

Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni pé mọ́tò kì í jẹ̀bi. Bó bá kú lójú ọ̀nà, epo ni, wọ́n ti da omi mọ́ ọn. Bí kì í bá ṣe epo, plọ́ọ̀gì ni, ayédèrú ni wọ́n tà fún un. Ní àwọn ọdún tí ọ̀nà Bìní sí Ọ̀rẹ̀ bàjẹ́ kọjá sísọ, tí àwọn ọkọ̀ ńláńlá ń sùn sínú kòtò mọ́jú, ọ̀nà ni ó dá lẹ́bi, a kò sì lè bá a jiyàn. Wọ́n tún ọ̀nà náà ṣe. Ó ní dídán tí ọ̀nà náà dán jù ló ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì òun máa gbóná, torí pé òun kò ráyè dẹ ẹsẹ̀ mọ́. Nígbà tí ìjọba Gómìnà Akérédolú kọ́ afárá sí oríta Ọ̀rẹ̀, inú rẹ̀ dùn ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ó rí ìsọ̀kalẹ̀ tí ìjọba fi ọ̀dà tẹ́ fún un. Ohun tí kò rò ni pé kí ènìyàn tó sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá, ó ní láti kọ́kọ́ gùn ún. Àárín rẹ̀ gan-an ni mọ́tò náà ti pinnu pé òun kò lọ mọ́. Àwọn ọlọ́kọ̀ míràn tò sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń fun fèrè, wọ́n ń ṣépè. Ó jáde, ó wo afárá náà títí, ó ní onímọ̀ ẹ̀rọ ìjọba ló kọ́ ọ ga jù.

Àárín mẹkáníìkì àti rẹwáyà ni ìgbésí ayé rẹ̀ wà. Mẹkáníìkì á ṣí bọ̀nẹ́ẹ̀tì, á wo inú rẹ̀ tìyanutìyanu, á fi aṣọ nu ọwọ́ tí kò tíì fi kan nǹkan kan. "Ọ̀gá, kò sí nínú iṣẹ́ tèmi o. Ẹ́ńjìnnì yín dáa. Iná ni. Ẹ pe rẹwáyà." Rẹwáyà á dé, á fi wáyà kan kan òmíràn, iná á ṣẹ́ pàrà. "Bàbá, ẹ ò rí i bó ṣe ń ṣẹ́? Iná yín ń wọlé dáadáa. Mẹkáníìkì ló ni iṣẹ́." Àwọn méjèèjì á gba owó iṣẹ́. Ẹlòmíràn ìbá bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ni Bàbá ń wá, ó sì ti rí i gbà. "Mẹkáníìkì ní kò sóhun tó ṣe ẹ́ńjìnnì. Rẹwáyà ní kò sóhun tó ṣe iná. Kí wá ló ṣe é?" Lẹ́yìn náà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á kóra jọ, wọ́n á tì í.

Ọmọkùnrin kan ti gbé kọ̀ǹpútà wá rí, èyí tí wọ́n ń kì bọ mọ́tò kó lè sọ ohun tó ń ṣe é fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ka àìsàn títí, ojú ìwé kan kò gbà á. Bàbá ní irọ́ ni ẹ̀rọ ń pa, wọ́n ti fi í dẹ́rù ba àwọn ará Èkó tẹ́lẹ̀. Ní ti iná kékeré tó máa ń tàn níwájú awakọ̀ láti sọ pé kí wọ́n lọ yẹ ẹ́ńjìnnì wò, ó ti fi sítíkà ìkórè lẹ̀ ẹ́ pa. Olúwa ṣeun, ni wọ́n kọ sí i.

Ẹ ṣí bútù rẹ̀ wò. Kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́ta fún rédíétọ̀. Jáàkì kan tó ń ṣiṣẹ́, òmíràn tí kò ṣiṣẹ́ àmọ́ tó gbé àkọ́kọ́ dúró. Rọ́bà tíúbù tí wọ́n gé tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, fún dídi ibi tí omi ń gbà jò. Ọṣẹ ìfọṣọ líle kan, torí pé táńkì epo lu, òun ni wọ́n ń rẹ́ sí ojú ihò náà. Ẹní kan, nítorí abẹ́ mọ́tò. Ẹrù kò ráyè wọ bútù náà mọ́. Nígbà tí ọmọbìnrin rẹ̀ dé láti ilé ìwé gíga, Bàbá fi mọ́tò lọ pàdé rẹ̀ ní oríta, ọ̀kadà ló sì gbé àpótí ọmọ tẹ̀ lé wọn. Ọ̀kadà ló kọ́kọ́ délé.

Ọ̀làwọ́ ni lójú ọ̀nà. Kì í kọjá lára ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn.

"Ìyáàfin, ẹ wọlé, ẹ jàre. Ọ̀nà kan náà là ń lọ."

"Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ máa lọ, mo fẹ́ tètè dé ni."

Ní oṣù May ọdún 2023, tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà kan fò láti iye tí kò tó ₦200 kọjá ₦500. Àwọn onímọ́tò fọwọ́ lérán. Bàbá nìkan ló ń rẹ́rìn-ín. "Tèmi kì í jẹ epo." Òótọ́ ló sọ. Mọ́tò tó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú oṣù kan lábẹ́ igi lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, epo wo ni yóò jẹ?

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni kòkó gbówó lórí tó bẹ́ẹ̀ tí tọ́ọ̀nù kan fi kọjá $10,000 lọ́jà àgbáyé. Àwọn àgbẹ̀ ń pààrọ̀ páànù ilé ní gbogbo agbègbè Òdìgbò. Àwọn ọmọ Bàbá pe ìpàdé lórí fóònù. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ta mọ́tò yẹn, kẹ́ ẹ ra èyí tó mọ́gbọ́n wá." Ó gbà. Ó kówó lọ́wọ́, ó wọkọ̀ lọ sí Èkó, ó ya Ládípò, ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, ó sì gbé ẹ́ńjìnnì àlòkù bọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Bẹ́líjíọ́ọ̀mù. "Ṣé mo wá lè tà á báyìí? Ẹ́ńjìnnì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú rẹ̀ ni." Ṣáájú ìyẹn, táyà mẹ́rin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ni kò jẹ́ kó lè tà á. Ṣáájú táyà, ọ̀dà ni. Owó tó ti ná sí i ni kò jẹ́ kó lè fi í sílẹ̀, àìlèfisílẹ̀ náà ló sì ń mú un náwó sí i. Mo mọ àwọn tó ti ra irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́ta láì mọ̀, nípa rírà á díẹ̀díẹ̀.

Mo fẹ́ dá a láre níbì kan. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot 504 pọ̀ ní Kàdúná, ọdún yẹn kan náà ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìjàpá ní Èkó. Láyé ìgbà náà, tíṣà lè yá owó mọ́tò lọ́wọ́ ìjọba, kó sì ra tuntun, tí ọ̀rá ṣì wà lórí ìjókòó. Bàbá ra tiẹ̀ nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó mọ bí mọ́tò tí kò sóhun tó ṣe é ṣe ń rìn. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n rí. Tókunbọ̀ ni wọ́n bá láyé.

Ṣùgbọ́n irú Bàbá kan wà tí n kò ní dá láre, ìyẹn oní-agbégilódò. Igbó ọba Olúwa ló sọ Ọ̀rẹ̀ di ìlú gẹdú, ọkọ̀ tó ń kó gẹdú náà jáde sì dàgbà ju ẹni tó ń wà á lọ. Kò ní ilẹ̀kùn lápá ọ̀tún, okùn ni wọ́n fi so ti òsì. Iná iwájú rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, ti ẹ̀yìn kò sí. Ẹni tó ni ín kì í gùn ún. Jíìpù ló ń gùn, á wá dúró lẹ́bàá ọ̀nà, á máa wo gẹdú rẹ̀ bó ṣe ń gun òkè lọ díẹ̀díẹ̀ nínú èéfín dúdú.

Ẹ bi í nípa bírèkì, á sọ ìtàn fún yín. Ó ní ọkọ̀ náà ti wà lójú ọ̀nà nígbà ogun, ní oṣù August ọdún 1967, tí àwọn ọmọ ogun Biafra gba Bìní já dé Ọ̀rẹ̀, pé ìbọn kò bà á. Mo gbà. Ìbọn kò bà á, sípánà náà kò sì tíì bà á láti ìgbà yẹn. Bírèkì ọwọ́ rẹ̀ ní orúkọ, ó ní ìyá, ó sì ń jẹ ẹ̀bà. Ọmọ ọkọ̀ ni, ọmọdékùnrin tó rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn gẹdú pẹ̀lú wẹ́ẹ̀jì onígi lọ́wọ́. Bí ọkọ̀ bá ti fẹ́ máa fà sẹ́yìn lórí òkè, òun ni yóò fò sílẹ̀, tí yóò sì sáré ki igi náà bọ abẹ́ táyà. Bí ó bá fi ìṣẹ́jú àáyá kan pẹ́, bírèkì ọwọ́ ti di olóògbé.

Tí ọkọ̀ náà bá wá kú sójú ọ̀nà lóru, wọ́n á ya ewé nínú igbó, wọ́n á tẹ́ ẹ sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọdún 1988 ni wọ́n dá àjọ Road Safety sílẹ̀, tí Wọlé Ṣóyínká jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Gbogbo onímọ́tò ló mọ̀ pé àmì onígun mẹ́ta tó ń kọ mànà ni wọ́n ní kí á máa gbé kalẹ̀. Ewé ni oní-agbégilódò mọ̀. Ilẹ̀ á mọ́, wọ́n á tún ọkọ̀ ṣe, wọ́n á lọ, ewé á gbẹ, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ. Òkúta á wà níbẹ̀ de ọkọ̀ akérò tó ń bọ̀ láti Èkó ní alẹ́ ọjọ́ kejì. Ẹni tó ni gẹdú á gbọ́, á mi orí, á ní ayé ti bàjẹ́, ọwọ́ àwọn ọmọ ayé ni. Mo lè bá Bàbá rẹ́rìn-ín nípa ẹ́ńjìnnì tí kò mú. Èyí kì í pa mí lẹ́rìn-ín.

Ti Bàbá náà, ó tún ti ní méjì báyìí. Aládùúgbò kan tí ọ̀rọ̀ sú ta irú mọ́tò kan náà fún un lówó pọ́ọ́kú. "Kí a lè máa yọ nǹkan lára rẹ̀ ni," ó ṣàlàyé fún ìyàwó rẹ̀. Wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ó sì sítáàtì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Bàbá, èyí ń ṣiṣẹ́ o! Ẹ jẹ́ ká yọ nǹkan lára ti tẹ́lẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ máa wa èyí."

"Kí lo sọ yẹn? Ti tẹ́lẹ̀ tí kò sóhun tó ṣe é?"

Wọ́n yọ sítátà èyí tó ń ṣiṣẹ́, wọ́n dè é mọ́ èyí tí kò ṣiṣẹ́. Kò bá a mu. Àwọn méjèèjì ló wà lábẹ́ igi báyìí.

Ìyàwó rẹ̀ ti fi owó àjọ tó kó ra kẹ̀kẹ́ Màrúwà, ó gbé e fún ọmọkùnrin kan, owó sì ń wọlé lójoojúmọ́. Kẹ̀kẹ́ náà ló ń gbé Bàbá lọ sóko, òun ló ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ní àárọ̀ Sátidé tó kọjá, Bàbá dúró tì í, ó tẹ́tí sí i, ó yí i po, ó kúnlẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀.

"Ìyá Bùnmi, nǹkan ń ṣe kẹ̀kẹ́ yìí o. Ó ń dún bákan. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì mi kàn yẹ̀ ẹ́ wò."

"Ẹ kú àkíyèsí, Bàbá Bùnmi," ni ìyàwó rẹ̀ wí. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò lára kẹ̀kẹ́, ó sì pa á mọ́ etí ìró rẹ̀.