Ẹ Bi Bàbá Olókùn Mẹ́rin

Lẹ́tà yín ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta gìtá béèsì lẹ́yìn iṣẹ́ oòjọ́ yín, ìṣòro yín ò kéré, ó kàn jẹ́ pé àfọwọ́fà ni ìdajì rẹ̀.

*Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ta béèsì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìyànà-Ìpájà. Ẹni tó ń ta gìtá olóhùn òkè ni wọ́n ń lẹ owó mọ́ níwájú orí. Ẹni tó wà nídìí míkísà a máa yí ohùn tèmi wálẹ̀ kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Ní Sunday tó kọjá, ìyá àgbà kan pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Ọmọ mi, okùn gìtá tìẹ ò mà pé. Ṣé ká dáwó fún ẹ ni?" — Ẹni Tí A Ò Gbọ́*

Ọmọ mi, gba owó ìyá náà. Okùn béèsì wọ́n lọ́jà.

Lẹ́yìn náà, dúró de ọjọ́ ìdúpẹ́. Nígbà tí orin bá gbóná, tí gèlè àwọn ìyá ìjọ ti ń yẹ̀, rọra gbọ́wọ́ kúrò lórí okùn. Má wo ẹnikẹ́ni lójú. Ìbàdí ni ijó á ti kọ́kọ́ rọ̀. Ìyá kan á dúró, á máa wo bàtà rẹ̀ bóyá òun ló já. Pásítọ̀ á yíjú sí onílù. Onílù ni wọ́n á di gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ náà rù. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó kúkú tọ́ sí i, ó ti pẹ́ tó ti ń mú orin sáré. Tó bá ṣe díẹ̀, padà wọlé lórí dò, kí o sì fara balẹ̀ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Ti owó níwájú orí yẹn, àgídìgbo tó ń dún lábẹ́ àpàlà Haruna Ishola, ta ló lẹ owó mọ́ ọn? Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Bóyá ìsìn àárọ̀ kùtù ni àwọn ọlọ́gbọ́n ìjọ yín ń lọ.

Bí onígìtá yín bá tún fojú di ọ́, sọ ìtàn Paul McCartney fún un, oníbéèsì àwọn Beatles. Lọ́dún 1973 tó fẹ́ wá gba orin sílẹ̀ l'Ékòó, ó ku díẹ̀ kí wọ́n gbéra ni onígìtá àti onílù ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀ lẹ́yìn Beatles ní àwọn ò lọ mọ́. Ó wá bẹ́ẹ̀ náà, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ẹnì kan ṣoṣo tó kù. Ó ta béèsì, ó lu ìlù, ó ta gìtá. Àwọn olè tún yọ ọ̀bẹ sí i l'Ékòó wa níbí, wọ́n gba kásẹ́ẹ̀tì tó ka àwọn orin náà sí lọ. Àwo orin Band on the Run ló ṣì gbé délé. Bi onígìtá tiyín bóyá ó mọ ìlù lù.

*Bàbá, ẹ gbà mí. Ọkọ mi ní gìtá béèsì méjì nílé. Ó tún fẹ́ ra olókùn márùn-ún, ó ní ohùn kan wà nísàlẹ̀ tí òun ò tíì dé. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ ń bọ̀. — Ìyàwó Ilé, Mọ̀kọ́lá*

Ìyàwó wa, ohùn tó ń wá yẹn, B ni, kò sì sọnù. James Jamerson tó ta béèsì sínú ọ̀pọ̀ orin Motown ní Detroit, olókùn mẹ́rin ló lò, ìka kan ṣoṣo ló fi ń ta á, kì í sì í pààrọ̀ okùn àfi tó bá já. Ní kí ọkọ rẹ kọ́kọ́ lo ìka kan yẹn tán ná.

Àmọ́ mo mọ àwa oníbéèsì. Á rà á. Á gbé e wọlé lálẹ́ nínú àpò dúdú, á tì í sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, bí o bá rí i, á ní, "Ti ọ̀rẹ́ mi ni, ó ní kí n bá òun tọ́jú ẹ̀." Má jà. Ní kó pe ọ̀rẹ́ náà wá jẹ iyán lọ́jọ́ Saturday. Bí kò bá rí ọ̀rẹ́ mú wá, lọ sí Gbági, ra léèsì iye owó kan náà. Bó bá béèrè, ti ọ̀rẹ́ rẹ ni. Owó ilé ìwé ńkọ́? Tètè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí, kí ohùn ìsàlẹ̀ tó pè é.

*Alábàágbé mi ń ta béèsì láago mọ́kànlá òru. N kò gbọ́ orin, àwo mi ló ń gbọ̀n. Mo ti fi tìmùtìmù dí ògiri. — Aláìróorunsùn, Ṣómólú*

Ẹ gbé tìmùtìmù yín padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Okùn tó nípọn jù lórí béèsì ń gbọ̀n ní bí ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìgbì ohùn rẹ̀ sì gùn ju mítà 8 lọ. Yàrá yín ò tó bẹ́ẹ̀, ká má tiẹ̀ sọ ti tìmùtìmù. Íápíìsì ló yẹ kí alábàágbé yín máa lò. Títí tí yóò fi rà á, ẹ máa gbá ògiri ní ìlù kejì àti ìkẹrin. Bó bá yẹsẹ̀, ẹ yọjú lójú fèrèsé, ẹ ní ó ti ń sáré jù. Kò sí èébú tó ń dun oníbéèsì tó ìyẹn, á palẹ̀ mọ́. Bí kò bá yẹsẹ̀, a jẹ́ pé ẹ̀yin náà mọ ìlù. Wọ́n máa tó wá onílù ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ìyànà-Ìpájà.

*Ṣé kí n máa fi àtàǹpàkò gbá okùn nínú orin ìjọsìn? — Ọ̀dọ́, Oṣogbo*

Rárá. Larry Graham tó gbé àṣà yẹn jáde ní Amẹ́ríkà, ìyá rẹ̀ ló ń bá ṣeré nígbà náà, wọn ò sì ní onílù. Ìwọ ní onílù, onígángan, onísẹ̀kẹ̀rẹ̀, àti ìyá kan tó ń lu agogo láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an níṣẹ́. Ta lo fẹ́ rọ́pò?

*Bàbá, sípíkà wa ń kùn yùn-ùn láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn dé òpin. — Ìdààmú, Abẹ́òkúta*

Ẹ pe oníná kó wo wáyà yín. Kó tó dé, ẹ jẹ́ kí n kọ́ yín lọ́gbọ́n. Iná ìjọba ń lọ ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá, G ìsàlẹ̀ lórí béèsì sì jẹ́ 49. Kí ẹni tó ń lé orin lé e ní G. Ẹ ti ní oníbéèsì kejì tí kì í béèrè owó ọkọ̀. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ ṣọ́ra: jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ẹrù rẹ̀ fúyẹ́ máa ń sáré, bó bá sì dé 52, ó ti gun G sharp. Ẹ má yí kíì orin padà nítorí rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n tan gbogbo fáànù ṣọ́ọ̀ṣì, kó rọra sọ̀ kalẹ̀ wá bá yín.