Ìkookò Mọ Iyì Ewúrẹ́

Àlọ́ o!
Àlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóó, ó dá lórí Ìkookò àti Ewúrẹ́ ní Àgọ́ Palace. Ẹ mọ àdúgbò náà: bílẹ̀ bá ti ṣú, orin ilé ọtí kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ igbe ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ni Ìkookò gba yàrá sí, nítòsí kánáàlì, tó jí Ewúrẹ́ àti Àgùntàn gbé, tó sé wọn mọ́lé.

Lọ́jọ́ kìíní, ó pọ́n ọ̀bẹ lójú wọn. Lọ́jọ́ kejì, kò pọ́n ọn, ó tún ju èèpo iṣu sí wọn. Àgùntàn ní, "Bàbá yìí mà láàánú o!" (Ẹni tó lè pani tí kò pani, oore ńlá ló ṣe.)

Ìkookò pe Òbúkọ, ọkọ Ewúrẹ́, ó fi fóònù sórí sípíkà.

"Mílíọ̀nù márùn-ún!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún. Ọjà ò tà."

Ìkookò gbaná jẹ. "Ewúrẹ́ mi yìí? Tó ń dán báyìí? O ò mọyì ẹ̀!"

Omi bọ́ lójú Ewúrẹ́. Látìgbà tó ti délé ọkọ, kò sẹ́ni tó yìn ín báyìí rí.

Nígbà tí Ajá ọlọ́pàá dé tòun tìbọn, Ewúrẹ́ fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, ó forin sẹ́nu:

Lílé: Ó lọ́bẹ, kò dúńbú mi
Ègbè: Bàbá ṣeun
Lílé: Ó fún mi léèpo iṣu
Ègbè: Bàbá ṣeun
Lílé: Ọkọ mi ná mi bí ata
Ègbè: Bàbá ṣeun
Lílé: Ajá ló fẹ́ yìnbọn
Ègbè: Bàbá ṣeun

Òwìwí orí òpó iná ní, "Kò yà mí lẹ́nu. Lóṣù kẹjọ ọdún 1973, ní Stockholm, olè sé òṣìṣẹ́ báńkì mẹ́rin mọ́lé fọ́jọ́ mẹ́fà. Ọ̀kan nínú wọn, Kristin Enmark, sọ fún olórí ìjọba, Olof Palme, lórí fóònù pé ọlọ́pàá lòun ń bẹ̀rù, kì í ṣolè. Nils Bejerot, oníṣègùn ọpọlọ tó ń gba ọlọ́pàá nímọ̀ràn, ló wá sọ irú ìwà bẹ́ẹ̀ dàìsàn."

Ajá fọ́lẹ̀kùn, ó kó gbogbo wọn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri pé ọ̀fẹ́ ni bẹ́ẹ̀lì. Ajá ní kí Òbúkọ mówó bébà wá, kí wọ́n tó lè gbọ́ ẹjọ́ ìyàwó rẹ̀. Òbúkọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Àgùntàn ti jáde, ó ń wá èèpo iṣu kiri fún Bàbá.

Ajá pariwo pé, "Ta ni yóò ṣe onídùúró fún Ìkookò?"

Ewúrẹ́ na pátákò sókè.